Kíka àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi láti mọ ìlera Odò Ọ̀yun: báwo ni a ṣe lè ṣe é tí ẹ̀rí wa yóò fi dúró?

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀yun (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú. A jẹ́ ènìyàn mọ́kànlá ní agbègbè Ọ̀fà àti Èrín-Ilé. A kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀: télọ̀ wà nínú wa, awakọ̀ wà, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì wà, àwọn tó kù sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni a ti pinnu pé a óò máa yẹ Odò Ọ̀yun wò, nítorí pé àwọn àgbà wa ń sọ pé ìṣáwùrú àti akàn tí wọ́n máa ń mú létí odò nígbà èwe wọn ti ń wọ́n. A gbọ́ pé ènìyàn lè mọ bí ara odò ti rí bí ó bá ka àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí kò ní eegun ẹ̀yìn tí ń gbé ìsàlẹ̀ omi, àwọn tí ojú lásán lè rí: ìdin, ọmọ lámilámi, eṣúṣú, ìṣáwùrú, akàn, edé àti irú wọn.

A ti lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ní ìgbà kejì, a pín ara wa sí ọ̀nà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Àwọn tó lọ sí apá òkè, níbi tí omi ti ń já lórí òkúta, kó oríṣi ẹ̀dá bíi mẹ́wàá bọ̀ nínú ike wọn. Àwọn tó lọ sí ibi tí omi ti dúró lẹ́bàá afárá kò rí ju ìdin pupa tín-ín-rín àti ìdin ẹ̀fọn lọ. Nígbà tí a gbé àbájáde náà tọ ẹnì kan tó wà nípò lọ, ó wò ó, ó ní odò kan ṣoṣo kò lè dára kó tún burú, pé a kò mọ ohun tí à ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n a kò ní èsì tí a lè fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ibo ló yẹ kí a ti máa wò, nígbà wo, báwo ni a sì ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ tí kò fi ní ṣeé dà nù lọ́rọ̀ kan?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì (Ìlọrin)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni yẹn mú ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín, nítorí ohun tí ẹ rí níbi méjèèjì kò ta ko ara wọn rárá. Ibi méjì tí ìwà wọn yàtọ̀ ni ẹ wò, ẹ sì fi wọ́n wéra bí ẹni pé ibi kan náà ni. Omi tó ń já lórí òkúta máa ń po afẹ́fẹ́ mọ́ra, àwọn ẹ̀dá tí kò lè fara da àìtó ọ́síjìn sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Omi tó dúró, tí oòrùn ń pa, tí ewé ń jẹrà sí nídìí, kì í ní ọ́síjìn púpọ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá da ìdọ̀tí kankan sí i. Ìdin pupa tí ẹ rí lẹ́bàá afárá lè jẹ́ àmì ìdọ̀tí, ó sì lè jẹ́ pé bí ibẹ̀ ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú ń ṣe sí odò, òkúta ni kí ẹ fi wé òkúta, kí ẹ sì fi iyanrìn wé iyanrìn.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ibi mẹ́ta lórí odò kan náà ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yàn. Ọ̀kan yóò wà lókè ìlú, níbi tí ilé, ọjà àti ẹ̀rọ kò tíì dé. Èkejì yóò wà nísàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọlé, ṣùgbọ́n tí òun àti omi ti pò dáadáa. Ẹ̀kẹta yóò jìnnà sísàlẹ̀ sí i, kí a lè mọ̀ bóyá odò ti ń gba ara rẹ̀ padà. Ibi àkọ́kọ́ yẹn ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ kò lè mọ ohun tó sọnù nísàlẹ̀ bí ẹ kò bá mọ ohun tí odò yìí fúnra rẹ̀ lè bọ́ níbi tí wọn kò tíì yọ ọ́ lẹ́nu, ìwé tí wọ́n kọ nípa odò ilẹ̀ òkèèrè kò sì lè sọ ìyẹn fún yín.

Bí a ti ń kó wọn nìyí. Ẹnì kan yóò di àwọ̀n mú, ẹnu rẹ̀ yóò kọjú sí òkè odò, etí rẹ̀ yóò sì jókòó sórí ilẹ̀ odò. Ẹnì kejì yóò dúró níwájú àwọ̀n, yóò máa fi ẹsẹ̀ tú òkúta wẹ́wẹ́ ká, kí omi lè gbé ohun tó bá ṣí kúrò wọ inú àwọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn apẹja olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 2007, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń tú u, wọ́n á sì fi ìṣẹ́jú kan yẹ àwọn òkúta ńlá wò lọ́wọ́. Ẹ lè yan iye ìṣẹ́jú mìíràn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yàn án, ẹ má yí i padà mọ́ láéláé, nítorí ẹni tó bá túlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò rí ju ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjì ṣe é lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì ní jẹ́ ti odò.

Ẹ kò nílò owó púpọ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì kò dára fún àwọ̀n yìí, nítorí ojú rẹ̀ kéré jù, omi yóò máa ta padà láti ẹnu rẹ̀, yóò sì gbé àwọn ẹ̀dá náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, tí télọ̀ yín bá rán an mọ́ wáyà líle, tí ẹ fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọwọ́ rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wá abọ́ ike funfun tó fẹ̀, ṣíbí ike, búrọ́ṣì kékeré tí àwọn ọmọ fi ń kun àwòrán, àti gíláàsì tí í sọ nǹkan kékeré di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Apẹja Asà (Ìlọrin)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ń dẹ àwọ̀n sínú Odò Asà láti ìgbà èwe mi, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nípa àkókò kún ti Olùkọ́. Bí odò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ẹ má lọ kó nǹkan kan. Àgbàrá ńlá máa ń gbá àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kúrò lórí òkúta, odò tí ara rẹ̀ le koko yóò sì dà bí ilé tí onílé ti kó kúrò. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó fi sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fẹ́búárì àti Máàṣì kò dára fún àwọn odò kéékèèké apá ọ̀dọ̀ yín, nítorí pé wọ́n a máa gé sí kòtò kòtò, ohun tí ẹ bá sì rí nínú kòtò kì í ṣe ẹ̀rí nípa odò tó ń ṣàn. Láti ìparí Oṣù Kẹwàá títí dé Oṣù Kejìlá, tí omi ti balẹ̀, tó ti mọ́, tó ṣì ń ṣàn, ni mo rò pé ó dára jù.

Ẹ lọ bá Baálẹ̀ tàbí Magájí àdúgbò kí ẹ tó wọ omi. Ibì kan wà lórí ọ̀pọ̀ odò wa tí ìlú ní èèwọ̀ nípa rẹ̀, ẹni tó bá sì ti béèrè ni wọn yóò sọ fún. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere lórí yín kí òjò sì ti rọ̀ lókè. Bí ẹ bá ti rí i pé omi ń pọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewé àti igi gbígbẹ, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, kódà bí ìṣẹ́jú yín kò bá tíì pé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀ ìdídò (dáàmù) ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì (Òmù-Àrán)

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí i pé ẹ kọ ìṣáwùrú sínú ohun tí ẹ ń kó, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa ara yín. Àwọn ìgbín omi kéékèèké kan wà tí wọ́n ń gbé aràn tó ń fa àrùn tí í mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, aràn náà kò sì nílò ojú egbò láti wọlé: awọ ara tó dá ṣáká ló ń lu. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, ni irú rẹ̀ tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń jáde láti ara ìgbín jù lọ, nítorí náà ẹ lọ ní òwúrọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu ara yín kíákíá bí omi bá kan yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wọ omi ibi tí omi ìdọ̀tí odò ẹran (ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran) tàbí ti ilé ìyàgbẹ́ ń dà sí, kí ó dúró síbi abọ́ lórí bèbè.

Mo tún fẹ́ kí ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn tó bá ń wò yín pé iṣẹ́ yìí kò sọ bóyá omi dára fún mímu. Omi tí gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ pé pérépéré ṣì lè ní kòkòrò àrùn onígbáméjì nínú.

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀yun (Ọ̀fà)

A dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. A ti rí bàtà òjò mẹ́ta yá. Ohun tó kù tó ń fa àríyànjiyàn láàárín wa ni orúkọ. Ẹ̀dá kan wà tí a rí lábẹ́ òkúta, ó ní ìrù mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ìdajì wa ní ọmọ lámilámi ni, ìdajì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí a yà lórí fóònù kò mọ́ tó.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì (Ìlọrin)

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ sùúrù. Bí ẹ bá gbé òkúta kúrò nínú omi, ẹ dà á dojú bolẹ̀ sínú abọ́ funfun tí omi odò díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi búrọ́ṣì gbá a jẹ́jẹ́, ẹ gbé òkúta kúrò, kí ẹ sì má ṣe fọwọ́ kan abọ́ náà mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iyanrìn àti èérún ewé nìkan ni ojú yóò rí, nítorí pé ẹ̀dá tó bá bẹ̀rù a máa ká kò tàbí kó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ka oókan dé ogójì. Ó sábà máa ń jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sún mọ́ ogún ni èyí tí ẹ pè ní èérún igi yóò na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n kánjú da abọ́ nù máa ń kọ «kò sí nǹkan» sínú ìwé wọn níbi tí ẹ̀dá mẹ́fà tàbí méje wà.

Ẹni tí ìrù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí abẹ̀bẹ̀ kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gbọ̀n, tí ìrù rẹ̀ sì tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mayfly. Kò ní orúkọ tí mo mọ̀ ní èdè wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ ọ́ ní onírù-mẹ́ta, mo sì fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó rí díẹ̀ nínú wọn tí ìrù wọn jẹ́ méjì. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ló fi ń mí. Bí ikùn rẹ̀ kò bá ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ohun mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, tí ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tó máa ń pa ìyẹ́ dé sẹ́yìn bó bá bà sórí koríko. Ọmọ lámilámi ńlá tiẹ̀ ki pọ́pọ́, kò ní ewé nídìí, ó sì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó máa ń nà jáde lójijì láti fi mú ohun jíjẹ.

Onírù-méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní stonefly, ni ẹ ó fẹ́ rí jù, ṣùgbọ́n ẹ má banújẹ́ bí ẹ kò bá rí i. Èékánná méjì ló wà lẹ́nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí onírù-mẹ́ta ti ní ẹyọ kan. Ìdílé rẹ̀ pọ̀ gan-an ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìdílé kan péré ló ń gbé àwọn odò tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, omi tútù tó ń já lórí àpáta ló sì fẹ́ràn. Ẹ lè máa fojú sílẹ̀ fún un ní àwọn ìṣàn orí òkè bí irú èyí tó wà ní agbègbè Òwú ní Ọ̀wà-Kájọlà, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ọ̀fà kì í ṣe ẹ̀sùn tí ẹ lè fi kan ẹnikẹ́ni.

Akọ́lé-omi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Caddisfly ni wọ́n ń pè é ní òkèèrè. Ó dà bí ìdin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà nítòsí orí, òmíràn nínú wọn sì ń fi òwú ẹnu rẹ̀ lẹ iyanrìn tàbí gégé ewé mọ́ra wọn, yóò sọ ọ́ di ilé róbótó tó ń wọ́ káàkiri. Òmíràn kì í kọ́lé tó ń gbé kiri, àwọ̀n kékeré ló máa ń ta sáàárín òkúta láti fi mú ohun tí omi bá gbé kọjá. Bí ẹ bá rí èérún igi tó ń rìn lòdì sí ìṣàn omi, òun ni.

Ìdin pupa yẹn ńkọ́? Ohun tó pọ́n nínú rẹ̀ jẹ́ irú èròjà kan náà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n, òun ló fi ń di ọ́síjìn díẹ̀ tó bá rí mú nínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé níbi tí àwọn yòókù ti ń kú. Ìdin pupa márùn-ún nínú abọ́ kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí abọ́ bá pọ́n fún wọn, tí kò sì sí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Ìṣirò (Ìlọrin)

Àsàlámù àláékùm, ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ ti la ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ti sọ ohun tí ẹ rí di iye. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní miniSASS, tí wọ́n yọ láti inú SASS tí àwọn onímọ̀ wọn ń lò, kí ọmọ ilé-ìwé àti ará ìlú lè ṣe é. Ó pín gbogbo ẹ̀dá wọ̀nyí sí ọ̀wọ́ mẹ́tàlá péré, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Onírù-méjì gba 17. Onírù-mẹ́ta gba 11, àfi àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ inú wọn tí wọ́n ń sáré lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ ẹja, tí wọ́n gba 5 nítorí pé ara wọn gba ìdọ̀tí díẹ̀. Akọ́lé-omi gba 9. Ọmọ lámilámi ńlá gba 6, akàn tàbí edé náà gba 6. Àwọn kòkòrò omi tí ìyẹ́ wọn le bí èèpo àti àwọn tó ń fi ẹnu ṣóńṣó fa oúnjẹ wà ní ọ̀wọ́ kan, wọ́n gba 5. Ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ gba 4, ìgbín omi gba 4, aràn pẹlẹbẹ gba 3, nígbà tí ekòló omi, eṣúṣú àti ìdin gbogbo irú eṣinṣin àti ẹ̀fọn gba 2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò ní ka iye ẹran; bí ẹ bá rí ọ̀kan tàbí ọgọ́rùn-ún, máàkì ọ̀wọ́ náà kan ṣoṣo ni. Ẹ ó ro máàkì pọ̀, ẹ ó sì fi iye ọ̀wọ́ tí ẹ rí pín in.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ní òkè odò ẹ rí onírù-mẹ́ta irú méjèèjì, akọ́lé-omi, ọmọ lámilámi irú méjèèjì, edé, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle, ìgbín àti ìdin. Ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn, àròpọ̀ wọn jẹ́ 52, ìpín rẹ̀ sì súnmọ́ 5.8. Ká ní nísàlẹ̀ ẹ rí ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle, ìgbín, eṣúṣú, ekòló àti ìdin: ọ̀wọ́ mẹ́fà, àròpọ̀ 19, ìpín rẹ̀ kò ju 3.2 lọ. Ẹ máa kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kì í ṣe ìpín nìkan, nítorí pé ìpín nìkan lè tanni jẹ. Bí ó bá ṣe pé akàn kan àti akọ́lé-omi kan ṣoṣo ni wọ́n ṣẹ́kù nínú odò tó ń kú, ìpín wọn yóò jẹ́ 7.5, ẹni tí kò bá sì wo iye ọ̀wọ́ yóò kí odò náà kú oríire.

Àwọn odò Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n yẹn kalẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbé ààlà tí wọ́n fi sáàárín «dára» àti «burú» wá sí Kwara bó ti wà. Ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ odò tiyín, tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lóṣù dóṣù, ni kí ẹ máa fi sọ̀rọ̀. Ẹ ra ìwé ńlá kan, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ àwọn tó wọ omi, ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, àwọ̀ omi, òórùn rẹ̀, àti ibi tí ẹ dúró gan-an bí fóònù ti fi hàn lórí máàpù. Ẹ ya àwòrán abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dá tí kò bá dá yín lójú.

Apẹja Asà (Ìlọrin)

Mo ní ìbéèrè kan fún Olùkọ́. Mo mọ̀ bí odò ti máa ń rí lẹ́yìn tí àwọn aláìláàánú bá ti da oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀ láti fi pẹja, ẹja ńlá àti kékeré yóò léfòó, ikùn wọn funfun. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, tí ẹja ti lọ, ǹjẹ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké yìí lè sọ pé oògùn ni, pé kì í ṣe ìdọ̀tí ilé?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì (Ìlọrin)

Ìbéèrè pàtàkì ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò lè dárúkọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ irú ohun tó ṣẹlẹ̀, bí a bá wo àwọn tó lọ àti àwọn tó kù papọ̀.

Bí ìdọ̀tí tó ń jẹrà bá wọ odò, bí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran láti odò ẹran, tàbí omi ìyàgbẹ́, ọ́síjìn ni àwọn kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí náà máa ń jẹ tán. Àwọn onírù-mẹ́ta tí ara wọn kò gba ìyà àti akọ́lé-omi yóò kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n odò kò ní ṣófo: ìdin pupa àti ekòló omi yóò kún ibẹ̀ bámúbámú, nítorí oúnjẹ ti dé fún wọn, ọ̀tá wọn sì ti lọ. Bó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò, ọ̀tọ̀ ni bó ti ń rí. Ohun tí wọ́n ṣe láti pa kòkòrò ni, ìbátan kòkòrò sì ni akàn àti edé, nítorí náà gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ oníkókó ni ó máa ń gbá lọ, tó fi kan ìdin pupa, nígbà tí ìgbín, eṣúṣú àti ekòló lè ṣẹ́kù. Bí ẹ bá rí abọ́ tó kún fún ìgbín àti ekòló, tí kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀, níbi tí ẹ ti rí oríṣi mẹ́jọ lóṣù tó kọjá, ẹ fura sí oògùn, ì báà jẹ́ ti apẹja tàbí èyí tí òjò fọ̀ wá láti oko.

Yanrìn wíwà tún ní ti tirẹ̀. Bí àwọn awayanrìn bá ń ṣiṣẹ́ lókè, ẹrẹ̀ yóò wá bo òkúta nísàlẹ̀, àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti àwọn tó ń ta àwọ̀n sáàárín rẹ̀ yóò pàdánù ilé. Omi lè má rùn rárá, ìdin pupa lè má pọ̀ sí i, gbogbo nǹkan kàn máa ń dín kù ni. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín mọ́ òkúta tó wà nísàlẹ̀ omi: bó bá wọ inú ẹrẹ̀ rírọ̀ kó tó kan òkúta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ìyá Onígàrí (Àjàsẹ́-Ìpo)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Iṣẹ́ gàrí ni mo fi tọ́ ọmọ. Bí a bá di ẹ̀gẹ́ tí a rin sínú àpò, tí a gbé jáàkì lé e, omi funfun tó ń ṣàn jáde níbẹ̀ máa ń kan, ó máa ń ta ènìyàn nímú, koríko tó bá sì ń ṣàn gbà kì í hù mọ́. Ọdún púpọ̀ ni a fi là á ní ojú ọ̀nà lọ sí ìṣàn omi kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ wa, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó ń ṣe nǹkan kan.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá bá wa níbẹ̀. Wọn kò wá pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọn kò sì ya àwòrán wa. Wọ́n kí wa, wọ́n bá wa bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì bá àwọn lọ sí odò. Wọ́n gbé abọ́ funfun méjì kalẹ̀ lórí àpáta, ọ̀kan láti òkè ilé ẹ̀rọ, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Nínú tòkè, nǹkan ń sáré, nǹkan ń wọ́, ọmọ akàn kan tó tó èékánná mi wà níbẹ̀. Nínú tìsàlẹ̀, mo dúró títí, omi lásán ni. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. A dá owó jọ, a gbẹ́ kòtò tó jìnnà sí odò àti sí kànga, ibẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́ ń lọ báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ẹni tí ìdọ̀tí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ pè é wá wo abọ́ kí ẹ tó gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì (Ìlọrin)

Ìyá wa, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò máa fún yín ní okun. Omi ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì nínú, ó kan bí ọtí kíkan, ó sì ń jẹ ọ́síjìn, ọ̀nà mẹ́ta ni ó fi ń pa àwọn ẹ̀dá inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ tó ṣófo pátápátá tí ẹ rí yẹn bá a mu.

Akọ̀wé Ìṣirò (Ìlọrin)

Bó bá wá di dandan kí ẹ kọ̀wé, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká wà ní Ìlọrin, àjọ NESREA tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2007, sì wà fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ibi tí ẹ ti rí i, àti ìgbà mélòó. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí bí ẹni pé ẹ ti dájọ́. Ohun tí ẹ ó béèrè ni pé kí wọ́n wá yẹ omi náà wò pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Omi tí wọ́n bá bu sínú ìgò kò lè sọ ju ohun tó wà nínú odò ní wákàtí yẹn lọ, nígbà tí ẹ̀dá tó ti ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ń jẹ́rìí sí gbogbo ohun tó ti kọjá lórí rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá ti kọ fún oṣù mẹ́fà ni yóò sọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wá àti ibi tó yẹ kí wọ́n ti bu omi.

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀yun (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ìyá wa, ẹ kú àdúrótì. A ti ṣe bí ẹ ti wí. A lọ kí Baálẹ̀, wọ́n fi ibi kan hàn wá tí a kò gbọ́dọ̀ wọ̀, a sì yan ibi mẹ́ta mìíràn tí omi ti ń já lórí òkúta ní gbogbo wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé a ti fi ẹ̀bá afárá sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni a mú, a sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a ó máa lọ, ní aago méje òwúrọ̀, bí òjò ńlá kò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Télọ̀ wa ti rán àwọ̀n méjì.

Sátidé tó kọjá, níbi tòkè, a gbé òkúta àkọ́kọ́ sórí abọ́, a gbá a, a sì gbé e kúrò. Ẹ̀dá kankan kò hàn. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, tó jókòó sórí bèbè gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti sọ, ni a ní kó máa kà. Ó ti ka dé mọ́kànlélógún nígbà tí ohun tí gbogbo wa pè ní èérún igi yọ orí àti ẹsẹ̀ mẹ́fà láti ẹnu ilé rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí igun abọ́. Ọmọ náà kò dákẹ́, ó ń kà á lọ. Kó tó dé ogójì, onírù-mẹ́ta méjì ti ń gbọ̀n abẹ̀bẹ̀ wọn níwájú wa. Lẹ́yìn tí a kọ ọ́ sílẹ̀ tán, òun ló da omi abọ́ náà padà sínú odò jẹ́jẹ́, tó sì ní kí a dá òkúta wọn padà sí ibi tí a ti gbé e.